Ọjọ́ Mẹ́ta ní Clarksdale: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbọ́ Blues Níbi Tó Ti Ṣẹ̀

Bàbá mi kì í fetí sí orin òyìnbó rárá. Sákárà ni tiwọn, pàápàá ti Yusuf Olatunji: gòjé á máa ké, ohùn á máa tẹ̀lé e. Lọ́dún tí wọ́n wá kí wa ní Amẹ́ríkà, mo fi orin Muddy Waters, ògbóǹtarìgì olórin blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, sí i nínú mọ́tò, n kò sì sọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi parí. Wọ́n wá ní, "Ta ló kú fún ọkùnrin yìí?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé Clarksdale nígbà àkọ́kọ́. Mo ti padà lọ lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì fẹ́ la ọ̀nà fún ẹ̀yin tó bá wù láti lọ, yálà Amẹ́ríkà lẹ ń gbé tàbí ilé lẹ ti fẹ́ gbéra.

Ìpínlẹ̀ Mississippi ni Clarksdale wà, lẹ́bàá odò Sunflower. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 2020, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé 15,000. Síbẹ̀, ìlú kékeré yìí ni wọ́n bí àwọn olórin Sam Cooke àti Ike Turner sí, ọdún kan náà ni, 1931. Ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí John Lee Hooker, olórin blues, oko kan lẹ́yìn ìlú ni Muddy Waters sì gbé dàgbà. Delta ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Kì í ṣe ẹnu odò tó ń wọ òkun bíi Delta tiwa nílé. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, láàárín odò Mississippi àti odò Yazoo, ilẹ̀ ọlọ́ràá tí òwú fẹ́ràn. Àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló gbin òwú náà, àwọn náà ló ń ká a, kódà lẹ́yìn tí òfin ti ní wọn kì í ṣe ẹrú mọ́. Olóko á yá wọn nílẹ̀, á yá wọn ní irúgbìn àti oúnjẹ. Tí ìkórè bá dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìṣirò, gbèsè ló sì sábà máa ń kù sí wọn lọ́rùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà lẹ́nu àgbà yóò mọ bí ìdè yẹn ṣe rí. Inú rẹ̀ ni blues ti jáde.

1. Ẹ kọ́kọ́ fi etí lọ

Ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbéra. Ẹ wá orin àwọn olórin blues àtijọ́, Charley Patton, Son House, Robert Johnson, lẹ́yìn náà kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu Muddy Waters ní oko ní ọdún 1941. Ohùn àwọn àwo àtijọ́ náà máa ń há, ariwo pọ̀ nínú wọn. Ẹ ní sùúrù. Lẹ́ẹ̀kẹta tí ẹ bá gbọ́ ọ, etí yín á là.

Ohun tí ẹ ó máa tẹ́tí sí nìyí. Olórin á sọ gbólóhùn kan, á tún un sọ, á wá fi ẹ̀kẹta dá a lóhùn. Láàárín gbólóhùn kan sí èkejì, gìtá ló ń dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ lílé àti ègbè, gìtá ni elégbè níbí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lé, òun náà ló sì ń gbè fún ara rẹ̀. Àwọn kan máa ń ki ọrùn ìgò bọ ìka, tàbí kí wọ́n fi ọ̀bẹ fa okùn gìtá, kí ohùn rẹ̀ lè máa yọ̀ láti òkè wá sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sunkún.

Ṣé nítorí èyí ni bàbá mi fi rò pé òkú ni wọ́n ń sun? Àwọn onímọ̀ tó tọpa blues dé Áfíríkà sábà máa ń tọ́ka sí ilẹ̀ pápá, Mali àti Senegal, ju ẹkùn igbó àti etí òkun tiwa lọ. Gòjé náà sì rèé, láti òkè ọ̀hún, lọ́wọ́ àwọn Haúsá, ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa kó tó wọ inú sákárà. Mo rò pé etí bàbá mi kò tàn wọ́n jẹ.

2. Ẹ yan àkókò

Oṣù Kẹrin ni Juke Joint Festival, oṣù Kẹjọ ni Sunflower River Blues & Gospel Festival, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1988. Ní oṣù Kẹjọ, ooru ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé, ẹ̀fọn sì pọ̀. Nígbà ọdún, ìlú kún fọ́fọ́. Ẹni tí kò bá gba yàrá sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ibi jíjìn ni yóò sùn.

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ má lọ nígbà ọdún. Ẹ yan ọjọ́ Ẹtì sí Àìkú lásán nínú oṣù Kẹwàá. Ooru ti rọlẹ̀, òwú ti là funfun báláú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì títì, àwọn olórin sì ráyè bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí alẹ́ kan láàárín ọdún tí orin kì í dún níbì kan ní Clarksdale.

3. Ọ̀nà

Nínú àwọn pápákọ̀ òfurufú ńlá, ti Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ni ẹ lè gbà débẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ ọkọ̀ òfurufú ilé iṣẹ́ Delta dé Atlanta, kó ti ibẹ̀ wọ òmíràn lọ sí Memphis. Ẹ háyà mọ́tò ní Memphis, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè, torí nínú ìlú kékeré báyìí, ẹ lè pè é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òpópónà 61 ni ẹ ó gbà lọ sí gúúsù, bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Ní Tunica, ẹ yà sí ilé ìgbàlejò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ilé rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù blues kékeré. Ẹ gba máàpù níbẹ̀, ẹ ṣe ìrọ̀rùn, kí ẹ máa lọ.

Ẹ má sáré. Ọ̀nà náà tọ́, ó tẹ́, ó sì ń tan èèyàn láti tẹ iná mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá àwọn ìlú kéékèèké náà ń ṣọ́ ọ̀nà.

Ẹni tí kò bá wa mọ́tò lè wọ rélùwéè City of New Orleans, tó ń ti Chicago lọ sí New Orleans. Láti ọdún 2018 ló ti ń dúró ní Marks, bíi 20 máìlì sí Clarksdale, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti bá ẹni tó máa wá gbé yín ṣàdéhùn.

Ẹ gba owó kéṣì dání láti Memphis, kí dọ́là kọ̀ọ̀kan àti márùn-ún márùn-ún pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó rí ìdí tó bá dalẹ́.

4. Ibi tí ẹ ó sùn

Àárín ìlú ni kí ẹ sùn, níbi tí ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé orin, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn padà. Àwọn kan ti tún ahéré tí àwọn àgbẹ̀ olówùú ń gbé láyé àtijọ́ ṣe, wọ́n ń fi gba àlejò, ó sì wu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọkàn tèmi kò gbà á, nítorí mo mọ ohun tí ojú àwọn tó ń sùn níbẹ̀ rí. Kí oníkálukú bi ọkàn tirẹ̀.

5. Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní: Delta Blues Museum

Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìkàwé ìlú ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ní ọdún 1999 ni wọ́n kó o lọ sí ilé ẹrù rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1918. Wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta ni kí ẹ fi sí.

Ẹ lọ tààrà síbi ahéré Muddy Waters. Pákó ilé tó gbé ní oko Stovall gan-an ni wọ́n tú wá síbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, Alan Lomax láti ibi ìkówèésí ìjọba ní Washington àti John Work láti Yunifásítì Fisk gbé ẹ̀rọ wá sí oko náà láti gba orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wa katakata jókòó, ó kọrin fún wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ padà fún un, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ní ọdún 1943, ó wọ rélùwéè, ó kọrí sí Chicago. Ibẹ̀ ló ti so gìtá mọ́ iná mànàmáná, tí gbogbo ayé fi gbọ́ ọ.

Kì í ṣe òun nìkan ló lọ. Ní ọdún 1944, ní oko Hopson tí kò jìnnà sílùú, wọ́n gbin òwú, wọ́n ká a, wọ́n sì dì í, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àìmọye èèyàn parí báyẹn. Àìríṣẹ́ ń lé wọn, ìwà ìkà àwọn aláwọ̀ funfun ń lé wọn, ni wọ́n bá ń lọ sí Chicago, Detroit, St. Louis. Ẹ̀yin tó kúrò nílé nítorí pé ilé kò gba yín mọ́, mi ò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé ahéré yẹn fún yín jù báyìí lọ.

Tí ẹ bá wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iléèwé ti jáde, ẹ bèèrè nípa ẹ̀kọ́ orin tí mùsíọ́mù ń kọ́ wọn. Níbẹ̀ ni Christone "Kingfish" Ingram ti kọ́ gìtá. Ọdún 1999 ni wọ́n bí i, ọmọ ìlú náà ni. Ó gba Grammy, ẹ̀bùn orin ńlá ti Amẹ́ríkà, ní ọdún 2022.

6. Ọ̀sán: òpópónà Sunflower

Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Riverside Hotel, nọ́ńbà 615. Ilé ìwòsàn àwọn aláwọ̀ dúdú ni tẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1937, wọ́n gbé Bessie Smith, gbajúmọ̀ obìnrin akọrin blues, wá síbẹ̀ lẹ́yìn tí mọ́tò tó gbé e forí sọ ọkọ̀ ẹrù ní òpópónà 61. Ibẹ̀ ló kú sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn ń sọ pé ilé ìwòsàn àwọn funfun ló kọ̀ ọ́ tó fi kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tó bá a lójú ọ̀nà sọ pé wọn kò tilẹ̀ gbé e débẹ̀, torí ní Mississippi ìgbà náà, kò sẹ́ni tí yóò ronú àtigbé aláwọ̀ dúdú lọ sí ilé ìwòsàn aláwọ̀ funfun. Lójú tèmi, òótọ́ yẹn wúwo ju irọ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1944, ìyá kan, Abilékọ Z. L. Ratliff, sọ ilé náà di òtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí aláwọ̀ dúdú kò lè wọ òtẹ́ẹ̀lì mìíràn. Sonny Boy Williamson Kejì, olórin tó ń fọn hamóníkà, gbé ibẹ̀, Robert Nighthawk, olórin blues, gbé ibẹ̀, Ike Turner náà gbé ibẹ̀. Ìjì ba òrùlé rẹ̀ jẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2020. Ìta ni kí ẹ dúró, kí ẹ ka pátákó Mississippi Blues Trail tó wà níwájú rẹ̀. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń ri irú pátákó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì ti lé ní 200. Ẹ máa kà wọ́n délẹ̀délẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tó ti pa dé àti ilé tó ti wó. Èèyàn ṣì ń gbé ní àwọn àdúgbò yìí; ẹ má ya fọ́tò ilé wọn. Ẹ kí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá pàdé. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹni tí kò kíni kò ní ẹ̀kọ́ ilé, gẹ́gẹ́ bíi tiwa, "sà" àti "mà" kì í sì í wọ́n lẹ́nu ọmọ wọn bí wọ́n bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìwà tí wọ́n fi kọ́ yín nílé ti tó yín lò níbẹ̀.

7. Oríta

Ibi tí òpópónà 61 àti 49 ti pàdé, wọ́n gbé gìtá aláwọ̀ búlúù ńláńlá kọ́ sókè orí òpó. Gbogbo àlejò ló ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Ìtàn tí ẹ ó gbọ́ ni pé Robert Johnson lọ sí oríta lóru, ọkùnrin dúdú gíga kan gba gìtá rẹ̀, ó tún okùn rẹ̀ ṣe, ó dá a padà fún un, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀ ní pàṣípààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Olórin mìíràn, Tommy Johnson, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, LeDell, ló sọ ọ́ fún olùwádìí. Àwọn kò bá Robert tan. Ní ti Robert, ohun tí a mọ̀ ni pé ó kúrò ní Delta, ó lọ sí ìhà gúúsù, ó jókòó ti ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Ike Zimmerman, ó sì kọ́ṣẹ́ gìtá lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Nígbà tó padà, ẹnu ya àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Orin 29 péré ló gbà sílẹ̀, ní San Antonio lọ́dún 1936 àti ní Dallas lọ́dún 1937. Ó kú lọ́dún 1938, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ.

Ọmọ Yorùbá kò lè gbọ́ "oríta" àti "òru" kó má rántí Èṣù. Àwọn onímọ̀ mélòó kan sọ pé Èṣù, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Lẹ́gbà, ni ọkùnrin inú ìtàn náà, pé ó bá àwọn ẹrú sọdá òkun. Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó ń dúró ní oríta, tó ń ṣí ọ̀nà, tó ń gba nǹkan kó tó fúnni ní nǹkan, a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Èṣù tiwa kì í ra ẹ̀mí èèyàn. Ìránṣẹ́ ni, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ìgbà tí Bíbélì wọ èdè wa, nígbà àwọn Àjàyí Crowther, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Sátánì. Ní Mississippi náà, èṣù Bíbélì ni wọ́n fi pe ọkùnrin oríta. Èdè méjì, ilẹ̀ méjì, ohun kan náà ni wọ́n ṣe sí i. Tí afinimọ̀nà bá ń sọ ìtàn yìí fún yín, ẹ sọ tiwa náà fún un. Inú wọn máa ń dùn láti gbọ́ ọ.

Àwọn ìlú mìíràn náà ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni oríta náà wà. Ẹ ya fọ́tò yín, ẹ má jẹ́ kó gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

8. Oúnjẹ

Ní oríta yẹn gan-an ni Abe's wà. Láti ọdún 1924 ni wọ́n ti ń sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tà. Ẹ bèèrè tamale. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, wọ́n fi ẹran oníata sáàárín rẹ̀, wọ́n fi háríhá wé e, wọ́n sì sè é nínú omi ata. Ẹ rò ó bí ẹ̀kọ tó gbé ẹran mì. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò tó wá ṣiṣẹ́ oko ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ bèèrè dáadáa kí ẹ tó ra, torí ọ̀rá rẹ̀ lè wà nínú ohun tí ẹ kò fura sí. Ẹja àrọ̀ díndín wà fún yín, Delta kún fún adágún tí wọ́n ti ń sìn ín.

9. Alẹ́: ìdí tí ẹ fi wá

Lọ́sàn-án, ẹ yà sí Cat Head ní òpópónà Delta, ṣọ́ọ̀bù àwo orin tó ti wà láti ọdún 2002. Ẹ bi wọ́n: ta ló ń ṣeré lálẹ́ yìí, níbo? Wọ́n máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí dára ju ohunkóhun tí ẹ lè rí lórí fóònù yín lọ.

Ground Zero, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùsíọ́mù, ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ. Morgan Freeman, òṣèré fíìmù, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2001. Ibẹ̀ fẹ̀, oúnjẹ wà, àlejò sì ti fi ìwé kíkọ bo gbogbo ara ògiri. Ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Red's, lẹ́bàá odò, ni ẹ gbọ́dọ̀ dé. Red Paden tó ni ín kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, gbogbo ìlú ló ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Yàrá kan ni, òrùlé rẹ̀ kò ga, iná pupa ni wọ́n tàn sí i. Kò sí pèpéle. Olórin wà nílẹ̀, ẹ wà nílẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì ló wà láàárín yín. Juke joint ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀: ibi tí àgbẹ̀ ń lọ ní alẹ́ Àbámẹ́ta láti mu, láti jó, láti gbàgbé olóko.

Ẹ san owó ìwọlé, ẹ ra nǹkan mímu, ọtí elérìndòdò pàápàá dára. Ẹ má sọ̀rọ̀ lé orin lórí. Tí orin bá wọ yín lára, ẹ dìde jó. Owó dọ́là kọ̀ọ̀kan tí mo ní kí ẹ mú dání, ibí ni iṣẹ́ rẹ̀ wà: garawa kan wà níwájú olórin, inú rẹ̀ ni kí ẹ ju owó sí. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí o! Wọn kò mọ ìnáwó tiwa. Ẹ máa dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ju díẹ̀ sí i lẹ́yìn orin tó bá dùn mọ́ yín, kí ẹ fojú kí i. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà olórin wọ̀nyí, owó garawa yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó iná ilé. Tó bá sinmi, ẹ lọ kí i, ẹ ra àwo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá fún un.

Tó bá di òwúrọ̀ Àìkú, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Pásítọ̀ ni bàbá Sam Cooke; ohùn tó ń kọrin lálẹ́ àti èyí tó ń kọrin lówùúrọ̀, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́.

10. Ọjọ́ kan lójú ọ̀nà

Tí ẹ bá ní ọjọ́ kan sí i, ẹ fi mọ́tò yípo. Ẹ gba 61 lọ sí Mound Bayou, ìlú tí àwọn tó ti jẹ́ ẹrú rí dá sílẹ̀ fún ara wọn ní ọdún 1887. Ẹ kọjá ní Cleveland, kí ẹ yà sí Dockery, oko òwú tí Charley Patton ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gìtá. Ilé òwú àtijọ́ ṣì dúró, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni gbogbo ibẹ̀. Ní Ruleville, ẹ dúró níbi ibojì Fannie Lou Hamer, obìnrin oko tó jà kí aláwọ̀ dúdú lè dìbò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Indianola, sí mùsíọ́mù B. B. King, olórin blues, níbi tí wọ́n sin ín sí ní ọdún 2015. Ẹ yọ wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

Ẹ gba 49 padà. Ẹ ó kọjá níwájú Parchman, ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà, tí Son House àti Bukka White, olórin blues mìíràn, ṣe ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀. Ẹ má dúró níbẹ̀, ẹ má sì ya fọ́tò.

Tutwiler ló gbẹ̀yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1903, W. C. Handy, olórin tó ń kọ orin sílẹ̀, ń dúró de rélùwéè tó pẹ́ níbẹ̀, oorun gbé e lọ. Ìró gìtá ló jí i: ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ ti gbó jókòó tì í, ó ń fi ọ̀bẹ fa okùn gìtá. Ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Ilé rélùwéè náà kò sí mọ́, àwòrán tí wọ́n kùn sára ògiri ló kù. Lẹ́yìn ìlú, lẹ́bàá oko, ibojì Sonny Boy Williamson Kejì wà níbẹ̀ láti ọdún 1965. Ẹ ó dá a mọ̀, nítorí àwọn àlejò máa ń fi hamóníkà sílẹ̀ lórí rẹ̀, òjò á pa á, ìpẹtà á mú un, ẹlòmíràn á tún wá gbé tuntun síbẹ̀. Ẹ ra ọ̀kan ní Clarksdale kí ẹ tó lọ. Kí ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan.